Ó Fi Ẹkún Ọ̀rẹ́ Sin Ìyá Rẹ̀ Láàyè

Morónikẹ́ fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Mo bi í, mo tún bi í, bóyá kí n yí orúkọ rẹ̀ padà. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé gbogbo Olódò ti mọ̀, ta wá ni òun fẹ́ máa fara pamọ́ fún. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá rí i níbi tó ti ń kun ojú ìyàwó, ẹ má yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ kí i dáadáa. Ojú ti tì í tó.

Iṣẹ́ ojú kíkùn ni Morónikẹ́ ń ṣe. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Olódò, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjàyè ni, ìyá rẹ̀ sì wà ní Ìjàyè tó ń yan gààrí títí di òní olónìí. Fẹ̀yìntọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tíṣà ìjọba ni. Ọmọ Ìjàyè lòun náà, ilé wọn ò jìnnà síra, inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti jẹun dàgbà. Ìyá Fẹ̀yìntọlá ti kú ní tiẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹ̀bùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yàtọ̀. Morónikẹ́ ló ní ohùn. Ohùn Fẹ̀yìntọlá ha díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Bí ọmọbìnrin kan bá fẹ́ relé ọkọ ní agbègbè yẹn, tó sì fẹ́ sun ẹkún ìyàwó kó tó kúrò nílé bàbá rẹ̀ bí àwọn ìyá ìyá wa ti ń ṣe, Fẹ̀yìntọlá ni wọ́n ń wá lọ. Á jókòó ti ọmọ náà, á bi í pé ta ló tọ́ ọ, kí ló ń dùn ún láti fi sílẹ̀, á wá fi ohun tó gbọ́ ṣe ẹkún fún un. Bí ìyàwó bá sun ún tán, àwọn àgbààgbà obìnrin á máa fi etí gèlè nu ojú.

"Ta ló bá a ṣe eléyìí?"

"Fẹ̀yìn ni. Fẹ̀yìn tíṣà."

Morónikẹ́ á wà níbẹ̀, tí á máa fi tíṣù gba omijé ìyàwó kí àtíkè má bàa ṣàn. Kò sẹ́ni tí í béèrè ta ló kun ojú.

"Mò ń jowú ẹ̀, Àǹtí," ló wí fún mi. "Mi ò ní purọ́ fún yín. Tí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ̀ báyìí, ara á kàn máa ta mí."

Ọjọ́ ti pẹ́ tí Morónikẹ́ ti ń gbé fídíò sórí TikTok. Ó kọrin, ó jó, ó kun ojú ara rẹ̀ ní oríṣiríṣi. Ẹbí nìkan ló ń wò ó. Lọ́jọ́ kan báyìí, ẹnìkan ká Fẹ̀yìntọlá sórí fóònù níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní oríkì, ó gbé e síta, ayé sì gba fídíò ọ̀hún bí ẹni gba igbá ọtí. Fẹ̀yìntọlá ò tilẹ̀ mọ̀. Morónikẹ́ ló fi hàn án, ó bá a rẹ́rìn-ín sí i, ẹnu lásán ló fi rẹ́rìn-ín ọ̀hún.

Ọkọ wá dé. Akínwándé, òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo, lóun fẹ́ fẹ́ Fẹ̀yìntọlá. Wọ́n mú ọjọ́. Morónikẹ́ tó ti kun ojú ìyàwó káàkiri, òun gan-an ò ní àfẹ́sọ́nà kankan. Ó dì mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó kí i kú oríire, ó délé, ó sunkún.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Fẹ̀yìntọlá fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp.

"Rónkẹ́, bá mi gbọ́ ọ. Ẹkún tèmi nìyẹn. Ṣé kò gùn jù? Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹlòmíì gbọ́ ọ. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni mo fẹ́ sun ún, lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, níbi tí ìyá mi ì bá dúró sí."

Morónikẹ́ gbé fóònù sétí. Ó ń gbọ́ ohùn tó ha yẹn:

Ọlọ́mọ ń sin ọmọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà,
Ta ni yóò sin mí o?
Ìyá mi ti ṣíwájú, ó fi aṣọ sílẹ̀ fún mi,
Òórùn rẹ̀ ń bẹ lára aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ kò sí lára mi.
Bí mo bá yíjú wẹ̀yìn,
Ògiri ni mo bá pàdé, n kò bá ìyá.

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Bí omi ọ̀hún ṣe ń bọ́ ni inú ń bí i. Ó ní ohun tó wá sọ́kàn òun ni pé, wò ó, àní ikú ìyá rẹ̀ gan-an, ó tún ti sọ ọ́ di nǹkan tó dára. Ṣé ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ìlara kì í tìjú, ó lè bá òkú du ipò.

Ó fèsì pé, "Ó dáa gan-an, ọ̀rẹ́ mi. Kò gùn jù rárá."

Ó wá ní kí òun kàn gbọ́ bó ṣe máa rí lóhùn tòun. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní òun fẹ́ tọ́ ọbẹ̀ wò lásán, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ kejì, abọ́ ló dì mú. Ó ró aṣọ òfì ìyá rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó fi ìbòjú bo orí, ó gbé fóònù ka iwájú dígí tó fi ń kun ojú àwọn oníbàárà, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó kọ́kọ́ ṣe é, ó fo ibi tí wọ́n ti ní ìyá ti ṣíwájú. Ìyá tòun wà láàyè. Nílé wọn, èèwọ̀ ni: ọmọ tó ní ìyá kì í sun ẹkún aláìníyàá. Ṣùgbọ́n nígbà tó tẹ̀ ẹ́ padà gbọ́, ẹkún náà ti tẹ́, kò lóhun tó fi ń múni lọ́kàn mọ́. Ibi tó fò yẹn gan-an ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Ó tún un ṣe, ó fi í sí i. Bó ṣe dé ibẹ̀, ó fi ìka méjì nu abẹ́ ojú rẹ̀ wẹ́rẹ́, bí àwa obìnrin ti ń ṣe tí a ò fẹ́ kí àtíkè bàjẹ́. Ẹ rántí ìka méjì yẹn fún mi.

Ó gbé e síta, ó sùn.

Nígbà tó jí, fóònù rẹ̀ ò sinmi. Àwọn ará Èkó ń sunkún. Àwọn ará òkè òkun ń sunkún. Ẹnìkan béèrè pé, "Àǹtí, ṣé ìyá yín ti kú lóòótọ́ ni?"

Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó fi àwòrán ojú tó ń sunkún ránṣẹ́ sí i.

Ìyẹn ló ṣílẹ̀kùn. Kíá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. "Ẹ kú ìrọ́jú o. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Morónikẹ́ ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣé o, àmín."

Mo bi í pé, "Ọwọ́ rẹ ò wúwo nígbà tí ò ń tẹ àmín yẹn?"

"Àkọ́kọ́ wúwo," ló wí.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Olúwadọ̀tun, tó ní ilé tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ nínú Ìbàdàn, pè é. Ó ní òun fẹ́ gbé ẹkún náà jáde bí orin, kí wọ́n wá ìlù díẹ̀ sí i.

"Ta ló ni ọ̀rọ̀ inú ẹ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa. Mò ń béèrè torí ayé tí a wà yìí. Tá a bá ti gbé e jáde, tí ẹlòmíì wá ní òun ló ni ín, kóòtù ló máa kù. Ẹ máa wá fọwọ́ síwèé fún wa pé láti orí yín ló ti jáde."

Ó ní òun á wá.

Ṣùgbọ́n kó tó lọ, Fẹ̀yìntọlá dé bá a. Ó dé ṣọ́ọ̀bù tòun ti báàgì iléèwé léjìká, ó ti ilẹ̀kùn, ó dúró. Kò pariwo.

"Rónkẹ́, ìyá ta ló kú?"

Morónikẹ́ ń to búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. "Ẹkún ìyàwó mà ni, Fẹ̀yìn. Ta ló ni ẹkún ìyàwó? Àwọn ìyá ìyá wa ló ni ín. Ṣé o rà á ni?"

"Ẹkún ìyàwó, ti gbogbo wa ni. Ìyá mi kì í ṣe ti gbogbo wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá a níbi tó dùn ún, ló bá tú èyí tó ti wà nínú rẹ̀ dànù. Ó ní, "Ìwọ náà, kí ni ò tíì sí lọ́wọ́ rẹ? O níṣẹ́ ìjọba. O ti rí ọkọ. Gbogbo ibi tá a bá lọ, Fẹ̀yìn tíṣà, Fẹ̀yìn tíṣà. Ẹyọ kan péré lèmi rí yìí, jẹ́ n ní i."

Fẹ̀yìntọlá wò ó títí. "Ṣé ìyá tó kú lò ń bá mi jowú?"

Morónikẹ́ tún mú búrọ́ọ̀ṣì kan, ó ń nù ún.

"Yọ ọ́ kúrò lórí ẹ̀. Mi ò ní bá ọ jà lójú ayé, mi ò lè máa fi orúkọ ìyá mi jà lórí fóònù. Ṣáà yọ ọ́."

"Mo máa yọ ọ́."

Kò yọ ọ́. Ọjọ́ tó máa fọwọ́ síwèé ti sún mọ́lé.

Lọ́jọ́ náà, Olúwadọ̀tun gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó bu omi tútù fún un. Ó ní kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, òun fẹ́ kí i kú àṣẹ̀yìndè ìyá, pé òun náà ti sin ìyá, òun mọ bó ṣe ń rí. Morónikẹ́ tẹrí ba, ó ní ẹ ṣé sà. Ó gbé bírò.

Fóònù rẹ̀ tó gbé sórí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn méjèèjì wo ojú rẹ̀. Àwòrán obìnrin kan tó wé gèlè, tó ń rẹ́rìn-ín, ló jáde. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni "Màmi".

Ó dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ gbé e," Olúwadọ̀tun wí. "Ìyá yín ni."

Ó gbé e. Ohùn ìyá rẹ̀ jáde ketekete nínú yàrá tí kò sí ariwo.

"Morónikẹ́, máa bọ̀ nílé."

"Ṣé kò sí, Màmi?"

"Kò sí. Wọ́n gbé búrẹ́dì òkú mi wá ni. Máa bọ̀ wá jẹ níbẹ̀."

Olúwadọ̀tun fa ìwé rẹ̀ padà lórí tábìlì, ó ká a. Morónikẹ́ ní òun ò mọ bí òun ṣe jáde níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìjàyè nìyí. Zubaidah, ìyàwó kan tí Morónikẹ́ kun ojú fún rí ní Akínyẹlé, ló rí fídíò náà. Ó ní ẹni tó ṣe òun lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ayọ̀, òun ò ní jẹ́ kó dá ṣọ̀fọ̀. Ó mú ìyá rẹ̀ dání, wọ́n gun ọ̀kadà, wọ́n ra búrẹ́dì, wọ́n béèrè ilé Ìyá Morónikẹ́, wọ́n sì júwe rẹ̀ fún wọn. Wọ́n bá obìnrin kan nídìí agbada gààrí.

"Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́."

"Àmín o. Ta ló kú?"

"Ìyá Morónikẹ́ ni. Ṣé ẹ̀gbọ́n wọn ni yín?"

Obìnrin náà gbé igbá tó fi ń yan gààrí sílẹ̀. "Èmi ni Ìyá Morónikẹ́."

Ìyá Zubaidah ké Láà iláàha illalláàhu, ó fẹ̀yìn rìn títí ó fi kọlu igi máńgòrò. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ara wọn balẹ̀ ni Zubaidah fi fóònù han ìyá, tí ìyá fi gbọ́ ikú ara rẹ̀ lẹ́nu ọmọ tó bí.

Nígbà tí Morónikẹ́ dé, àwọn àlejò ṣì wà níbẹ̀. Ìyá ti ránṣẹ́ pe Fẹ̀yìntọlá náà, torí ó mọ̀ pé ní agbègbè yẹn, kò sẹ́lòmíì tí í ṣe irú ẹkún bẹ́ẹ̀. Búrẹ́dì wà lórí àga, wọn ò tíì tú u.

Morónikẹ́ wólẹ̀. "Màmi, ẹ jọ̀ọ́."

"Aṣọ òfì mi lo wọ̀," ìyá wí. "Mo rí i. Aṣọ mi lo ró tí o fi sin mí. Zubaidah kà á fún mi, ó ní àwọn tó ti ṣe àmín sí i ò lóǹkà. Ṣé o mọ iye ẹnu tó ti ṣe àmín sí ikú mi, Morónikẹ́?"

Morónikẹ́ di etí aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

"Ó dáa. Dìde. Sun ún fún mi. Orí fóònù ni mo ti gbọ́ ọ, mo fẹ́ gbọ́ ọ lójúkojú."

Ó gbéra, ó kúnlẹ̀, ó gbé ohùn. Ohùn dáadáa yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ọlọ́mọ ń sin ọmọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ta ni yóò sin mí o. Ìyá mi...

Ẹnu rẹ̀ kọ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó níwájú rẹ̀, eruku gààrí ṣì wà lára irun rẹ̀.

"Parí ẹ̀."

"Mi ò lè sọ ọ́, Màmi."

Ìyá yíjú sí Fẹ̀yìntọlá. "Ìwọ ńkọ́?"

"Mo lè sun ún, Màmi," Fẹ̀yìntọlá dáhùn. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìgbéyàwó mi ni mo fi pamọ́ dè. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní sun ún lónìí."

"Ó tó. Mo ti mọ ẹni tó ni ín."

Lójú gbogbo wọn ni Morónikẹ́ yọ fídíò náà kúrò. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣe òmíràn, ó jókòó láìkun ojú, ó ní òun jí i ni, ìyá òun wà láàyè, Fẹ̀yìntọlá ló ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹbí nìkan ló wo ìyẹn. Èyí tó yọ, àwọn ènìyàn ti kó o pamọ́ sórí fóònù wọn. Ẹnìkan fi ohùn inú rẹ̀ sábẹ́ fídíò ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Àwọn ọmọdé ń fi í ṣeré.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Morónikẹ́ ò fẹ́ lọ, ìyá rẹ̀ ló ní ó di dandan. Ẹlòmíì ló kun ojú ìyàwó. Òun dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi, ó di fóònù mú, ó ti pa á.

Fẹ̀yìntọlá jáde sí ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, aṣọ ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Àwọn àgbàlagbà dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ohùn tó ha yẹn: Ọlọ́mọ ń sin ọmọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà...

Àwọn ọmọ tó wà lójú fèrèsé gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ta ni yóò sin mí o!" Wọ́n ń kọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ìyá ti ṣíwájú, gbogbo wọn pa pọ̀ fi ìka méjì nu abẹ́ ojú, wẹ́rẹ́, bí wọ́n ti rí i lórí fóònù.

Wọn ò mọ nǹkan kan, ọmọdé ni wọ́n. Àwọn ìyá jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n dákẹ́, wọ́n sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n Fẹ̀yìntọlá ti panu dé. Ó ń wo ilẹ̀. Ẹkún tó fi pamọ́ fún ìyá rẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́ láti sun.

Ìyá Morónikẹ́ dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìyàwó kọjá, ó wọlé lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Fẹ̀yìntọlá, yíjú wẹ̀yìn."

Ó yíjú wẹ̀yìn. Kò bá ògiri.

Fẹ̀yìntọlá wá bẹ̀rẹ̀ ẹkún òmíràn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, kò sọ́mọ tó lè bá a gbè é, torí ibẹ̀ gan-an ló ti ń ti inú rẹ̀ jáde. Ó fi oríkì pe Ìyá Morónikẹ́, ó pè é ní Àmọ̀kẹ́, ó pè é ní ìyá. Ìyá náà sì gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sìn ín jáde lẹ́nu ọ̀nà.

Morónikẹ́ ní ara tún ta òun, nídìí dúrọ́ọ̀mù omi níbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi ni, Àǹtí. Mi ò ṣe irú ọ̀rọ̀ yẹn fún wọn rí. Mi ò sì lè ní kí Fẹ̀yìn fi wọ́n sílẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo fáyé pé mi ò ní ìyá."

Mo bi í bóyá ó rántí ohun tí Fẹ̀yìntọlá sun.

Ó ní gbogbo rẹ̀ pátá lòun rántí, kò sí ìlà kan tó sọnù.

Mo fa bírò mi jáde. Mo ní kó kà á fún mi díẹ̀díẹ̀, kí n fi í parí ìtàn yìí fún yín.

Morónikẹ́ mi orí. "Kì í ṣe tèmi," ló wí.